Ẹ̀fọ́ Láti Ìgbà Òjò Dé Ìgbà Ọyẹ́: Bí Ewébẹ̀ Ṣe Lè Pọ̀ Sí I Nínú Oúnjẹ Ilé ní Òkè-Ògùn Láìnáwó Rẹpẹtẹ

Ní Òkè-Ògùn, ìyẹn agbègbè ọ̀dàn tí ó wà ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Kíṣì, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì jẹ́ díẹ̀ nínú àwọn ìlú rẹ̀, ohun tí ó ń dín ẹ̀fọ́ kù nínú oúnjẹ kì í ṣe pé ilẹ̀ kò mú ẹ̀fọ́ jáde. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì máa ń dáwọ́ dúró nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ, láàárín àkókò yìí sì ni tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, gbọ́rọ̀ àti ilá máa ń kún ọjà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń tà wọ́n á fi máa bu èènì lé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní ni pé ọbẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbé ẹ̀fọ́ wọnú ara kì í tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkèlè tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Èkejì ni pé láti oṣù kọkànlá títí di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ̀fọ́ tútù á wọ́n bí ojú, ọ̀pọ̀ ilé á sì máa fi ọbẹ̀ ata lásán gbé òkèlè mì. Orí ìwé yìí ṣàlàyé bí ìdílé tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ ṣe lè borí ìṣòro méjèèjì pẹ̀lú ohun tí ó ti wà ní àyíká wọn, láìjẹ́ pé wọ́n ń wá kábéèjì àti káróòtì tí wọ́n ń kó wá láti Jọ́s kiri.

Ìwọ̀n tí ara ń fẹ́

Ewébẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lò ó níhìn-ín, túmọ̀ sí gbogbo ewé jíjẹ àti àwọn èso tí wọ́n ń sè lọ́bẹ̀, bí ilá, ìgbá, tòmátì, ata àti elégédé. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́ kò sí nínú wọn, nítorí pé oúnjẹ afúnnilágbára ni wọ́n. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Lágbàáyé fi síta nínú ìròyìn wọn ti ọdún 2003 ni pé kí ewébẹ̀ àti èso tí ènìyàn ń jẹ lójúmọ́ má ṣe dín ní 400 gíráàmù, láìka iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín ìwọ̀n yìí sí ọ̀nà márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 80 gíráàmù, wọ́n sì ṣàlàyé pé ṣíbí ìjẹun ńlá mẹ́rin tí ó kún dáadáa ni ìpín kan bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ sísè. Òṣùwọ̀n ṣíbí yìí wúlò ju ti gíráàmù lọ fún ilé tí kò ní ìwọ̀n, nítorí pé ẹni tí ó bá jẹ ṣíbí mẹ́jọ lọ́sàn-án, tí ó jẹ mẹ́rin lálẹ́, tí ó sì fi máńgòrò tàbí ọsàn kún un, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí wọ́n ní kí ó dé.

Ó yẹ kí wọ́n kíyè sí i pé ẹ̀fọ́ sísè ni ṣíbí náà ń wọ̀n, kì í ṣe omi ọbẹ̀. Ṣíbí ìbọbẹ̀ kan ewédú tí ó ṣàn dáadáa lè bo orí àmàlà mọ́lẹ̀, síbẹ̀ kí ewé tí ó wà nínú rẹ̀ má ju ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan lọ, ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè máa jẹ ọbẹ̀ tí ó ní orúkọ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọ́ má sì tó lára rẹ̀.

Ohun tí àìtó yìí ń fà kò fara sin. Láti inú ewé tí ó dúdú minimini, bí tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti gbọ́rọ̀, ni ara ti ń rí èròjà tí ó ń sọ di fítámì A, èyí tí ojú fi ń ríran ní àṣálẹ́, tí àwọ̀ ara sì fi ń dán. Inú wọn náà ni fólíètì wà, ìyẹn fítámì tí aláboyún nílò kí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú rẹ̀ lè dá bí ó ti yẹ, àti ayọ́ọ̀nù tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Fáíbà, ìyẹn apá ewé tí ikùn kì í lè lọ̀ tán, ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà inú òkèlè tètè rọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ. Ó tún hàn gbangba pé àwọn tí ń jẹ ewébẹ̀ àti èso dáadáa kì í sábà ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́.

Ní ọdún 2006, ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, National Research Council, tẹ ìdìpọ̀ kejì ìwé Lost Crops of Africa jáde, ewébẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí ayé kò kà sí sì ni ìdìpọ̀ náà dá lé. Tẹ̀tẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣọkọ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilá, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà, mòríńgà, irú, òrí àti igi osè. Kò sí èyí tí kò sí ní Òkè-Ògùn nínú gbogbo wọn. Ó jọni lójú pé àwọn ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìṣúra tí ó sọnù yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú oúnjẹ tálákà wò ní ilé tiwọn, tí wọ́n sì gbà pé saláàdì òde àríyá ni ewébẹ̀ gidi.

Ọbẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe

Àṣà ilé púpọ̀ ni pé bí owó ọbẹ̀ bá ti bọ́ sí ọwọ́, ẹran tàbí ẹja ni wọ́n máa kọ́kọ́ rà, ata àti epo á tẹ̀ lé e, ẹ̀fọ́ á sì wá gba ìwọ̀nba owó tí ó bá ṣẹ́ kù. Àtúnṣe tí ó rọrùn jù lọ, tí kò sì ní kí owó ọbẹ̀ lé rárá, ni kí wọ́n yí ètò náà padà, kí wọ́n ra ẹ̀fọ́ àti irú ná, kí ẹran sì jẹ́ ohun tí wọ́n fi ìyókù rà. Bí ẹran bá ti dín, irú, ẹ̀gúsí àti wàrà lè dí àyè rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Wàrà ni wàràkàṣì tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń gbé kiri nínú igbá. Wàrà tútù tí wọ́n fún lára màlúù ni wọ́n ń gbé kaná, tí wọ́n sì ń fi oje ewé bòmubòmu mú kí ó dì. Bí wọ́n bá gé e sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n dín in díẹ̀ kí wọ́n tó dà á sínú ẹ̀fọ́ rírò, kì í fọ́, ó sì máa ń fa adùn irú àti ata sára ju bí ẹran ṣe ń fà á lọ. Baálé ilé tí ó gbà pé ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran kì í ṣe ọbẹ̀ lè kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n wàrà ti tú irú ojú bẹ́ẹ̀ ká ní ilé púpọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se ẹ̀fọ́ ni ó ń pinnu bóyá èròjà inú rẹ̀ yóò dé inú ara tàbí yóò bá omi lọ. Fítámì C àti fólíètì máa ń yọ́ sínú omi, iná sì máa ń bà wọ́n jẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí wọ́n gé ẹ̀fọ́ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, nítorí pé ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà ni wọ́n ti ń jáde. Kí wọ́n já ewé náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní odindi títí omi rẹ̀ kò fi ní iyanrìn mọ́, kí wọ́n tó wá rẹ́ ẹ nígbà tí ọbẹ̀ ata bá ti ń hó lórí iná. Ẹ̀fọ́ bíbọ̀, ìyẹn kí wọ́n ri ẹ̀fọ́ bọ omi gbígbóná kí wọ́n sì fún omi rẹ̀ dànù, ní ìwúlò tirẹ̀ fún tẹ̀tẹ̀ tí ó ti gbó àti fún ewé tí ó ní oje líle, ṣùgbọ́n àwọn tí ń se ṣọkọ tútù tàbí gbúre kò nílò rẹ̀ rárá. Gbúre pàápàá ní omi púpọ̀ lára, nítorí náà kí ọbẹ̀ ata rẹ̀ ki, kí wọ́n má sì bu omi kankan sí i. Níbi tí bíbọ̀ bá ti pọn dandan, kí ewé wọ inú omi tí ó ń hó, kí ó jáde ní kíákíá, kí wọ́n sì fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ fún un. Ẹni tí ó bá fún ẹ̀fọ́ títí ó fi gbẹ bí àkísà ti fún ohun tí ó rà á fún dànù. Epo pupa tàbí òróró ṣíbí méjì sí mẹ́ta tó fún ìkòkò kékeré kan. Kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, torí pé ọ̀rá díẹ̀ ni ara fi ń gba èròjà fítámì A inú ewé wọlé.

Ní ti ewédú, ohun tí ó yẹ kí wọ́n yí padà ni omi àti kán-ún. Kán-ún, èyí tí wọ́n ń fi sí i kí ó lè yọ̀ dáadáa kí ó sì tètè rọ̀, máa ń ba fítámì C àti àwọn fítámì mìíràn jẹ́, ó sì ń fi sódíọ́ọ̀mù, èròjà kan náà tí ó wà nínú iyọ̀, kún ohun tí ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń jẹ. Ewédú tí wọ́n já ní tútù kò nílò rẹ̀. Kí omi kékeré hó pẹ̀lú irú àti iyọ̀ díẹ̀, kí ewé tí ó pọ̀ wọ inú rẹ̀, kí wọ́n ṣí ìkòkò sílẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣú, kí wọ́n sì fi ìjábẹ̀ já a títí yóò fi kúnná. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti jinná. Bí ewédú kò bá tó, ẹ̀kúnwọ́ ewé mòríńgà tútù tàbí amúnútutù tí wọ́n bá já mọ́ ọn yóò mú kí ó pọ̀, ọmọdé kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilá tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ ṣe lè bá ewédú gbé inú ìkòkò kan. Nígbà tí gbẹ̀gìrì bá bá wọn pàdé lórí àmàlà, ẹni tí ó ń jẹun ti rí ẹ̀wà àti ewé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oúnjẹ tí ó dọ́gba ju èyí lọ kò sì wọ́pọ̀.

Ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ dúró de òkèlè kí ó tó di jíjẹ. Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ti jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ láti ìgbà pípẹ́, ohun tí ó ku ni kí ẹ̀fọ́ rẹ̀ má jẹ́ ohun tí wọ́n kàn fi pa ẹnu ẹ̀kọ. Ṣọkọ tàbí ewé gbọ́rọ̀ tí wọ́n bù sínú ẹ̀wà nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìkòkò ẹ̀wà kan tó fún ènìyàn púpọ̀ sí i. Àsáró gbà á, ẹyin díndín gbà á, àkàrà náà kì í kọ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n rẹ́ lẹ́bẹ́lẹ́bẹ́ mọ́ àlùbọ́sà rẹ̀. Ewé ànàmọ́, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń já sọ fún ewúrẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá wa ànàmọ́ tán, jẹ́ ọbẹ̀ gidi ní Làìbéríà àti Sàró. Orí rẹ̀ tí ó rọ̀ ni wọ́n ń ké, wọ́n sì ń sè é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń se gbọ́rọ̀. Kò sí ẹ̀fọ́ tí ó dínwó tó èyí, nítorí pé oko ẹni ni ó wà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀fọ́ gbígbẹ fún ìgbà ọyẹ́

Ọgbọ́n tí àwọn ìyá Òkè-Ògùn ti fi ń la oṣù tí kò sí òjò kọjá ni kí wọ́n gbẹ ẹ̀fọ́ pa mọ́, méjì nínú ohun tí wọ́n ń gbẹ, ìyẹn orunlá àti lúrú, sì ṣì wà lọ́jà títí di òní. Ohun tí ó bani lọ́kàn jẹ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ń wo méjèèjì bí oúnjẹ àwọn arúgbó. Orunlá ni ilá tí wọ́n rẹ́, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì gún. Lúrú ni ìyẹ̀fun ewé osè, igi ràbàtà tí ìdí rẹ̀ máa ń tóbi débi pé ènìyàn bíi mélòó kan ni yóò na ọwọ́ kí wọ́n tó lè yí i ká, èyí tí àwọn Haúsá ń pe ìyẹ̀fun ewé rẹ̀ ní kúkà. Ewé osè máa ń yọ nígbà òjò, igi náà a sì wà ní ìhòòhò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹni tí kò bá gbẹ ẹ́ nígbà tí ó wà kò ní rí i nígbà tí ó nílò rẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tí egungun àti eyín fi ń le, pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, èyí sì ṣe pàtàkì fún ilé tí kì í mu wàrà.

Ewé tí ó rọ̀ ni wọ́n ń yàn fún lúrú. Wọ́n á ya igi ewé kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí omi ro kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì tẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí aṣọ tí ó mọ́ tàbí ẹní ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò dé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe nìyí. Àpáta tí ó tẹ́ bẹẹrẹ pọ̀ ní Òkè-Ògùn, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ti mọ̀ láti máa sá gbodo, láfún àti àgbàdo, nítorí náà ó rọrùn kí wọ́n da ewé sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Oòrùn tí ń mú kí èlùbọ́ funfun dáadáa ni ó ń pa èròjà fítámì A inú ewé. Bí ewé bá ti pọ́n lórí àpáta, ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀ ti lọ, bí ó tilẹ̀ gbẹ kanrankanran. Abẹ́ òrùlé, inú yàrá tí ó ní fèrèsé méjì tí ó kọjú síra, tàbí abẹ́ igi tí wọ́n ti fi nẹ́ẹ̀tì bo ewé kí eṣinṣin àti adìyẹ má bàa dé ibẹ̀ ni ó dára jù. Ewé tí ó gbẹ dáadáa á ṣì ní àwọ̀ ewé, á sì fọ́ wuruwuru bí wọ́n bá fi ìka fún un. Èyí tí ó bá ṣì ń tẹ̀ láìfọ́ kò tíì gbẹ, yóò sì bu bí wọ́n bá dì í.

Àkókò tí ó rọrùn jù fún iṣẹ́ yìí ni ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, nígbà tí ẹ̀fọ́ òjò kò tíì tán lóko, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ti ń gbẹ omi ara ohun gbogbo láìnílò oòrùn. Lúrú nìkan kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n gbẹ. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, ewédú kan náà tí Yorùbá ń jẹ, tí wọ́n ń pè ní mulukhiyah níbẹ̀, ni wọ́n ń sá gbẹ tí wọ́n sì ń tà ní ìyẹ̀fun lọ́dún yíká. Àwọn tí ó ní ewédú púpọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ní Òkè-Ògùn lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kàn rí i pé òjò kò kàn án. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ nílò kí wọ́n kọ́kọ́ rì wọ́n bọ omi tí ó ń hó fún bí ìṣẹ́jú kan, kí àwọ̀ wọn má bàa ṣú, kí wọ́n tó tẹ́ wọn. Ìdá tí ó pọ̀ jù nínú ewé tútù ni omi, nítorí náà kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ohun tí ó bá gbẹ láti inú ìdì mẹ́wàá lè má wúwo ju ìdì kan àbọ̀ lọ. Èrè ibẹ̀ ni pé ìyẹ̀fun ṣíbí mẹ́ta dúró fún ẹ̀fọ́ tí ó pọ̀. Kẹ̀ẹ̀gì tàbí ìgò tí ó gbẹ, tí ó ní ìdérí, tí wọ́n sì gbé sí ibi tí ó ṣókùnkùn ni kí wọ́n kó o sí, kí wọ́n sì lò ó tán kí òjò ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀rinrin ni ó ń mú kòkòrò wọ̀ ọ́.

Ọbẹ̀ lúrú kò gba àkókò. Bí omi bí ife mẹ́ta pẹ̀lú irú, edé àti iyọ̀ bá ti hó, kí wọ́n máa wọ́n ìyẹ̀fun náà sí i díẹ̀díẹ̀, bíi ṣíbí ńlá mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń fi ìjábẹ̀ já a, kí ó má bàa ṣùpọ̀. Kí iná rẹ̀ kéré, kí ojú má sì kúrò lára rẹ̀, nítorí pé ó máa ń hó gun etí ìkòkò. Ọbẹ̀ ata ni wọ́n ń bù sí i lórí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ohun tí ẹ̀fọ́ gbígbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ni fítámì C, tí gbígbẹ máa ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀, fítámì yìí sì ni ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba ayọ́ọ̀nù inú ewé wọlé. Èso tútù ni ó ń dí àlàfo yìí, ó sì dára pé kaṣú àti máńgòrò máa ń pọ́n ní Òkè-Ògùn láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún gan-an, nígbà tí ẹ̀fọ́ tútù wọ́n jù. Máńgòrò kan lẹ́yìn àmàlà àti lúrú ń ṣe iṣẹ́ tí ohun olówó ńlá ń ṣe. Ìbẹ́pẹ àti ọsàn náà ń ṣe é.

Àpò àti ebè kékeré lẹ́yìn ilé

Ilé tí ó bá ní àyè tí ó tó ẹní kan lè gbin díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ tí ó ń jẹ, èyí tí kò bá sì ní ilẹ̀ rárá lè lo àpò ìrẹsì tàbí kẹ̀ẹ̀gì tí ó ti ya. Kí wọ́n lu ìdí àpò náà kí omi lè máa jò jáde, kí wọ́n po ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ tí ó ti jẹrà fún bí oṣù mẹ́ta pọ̀, kí wọ́n sì rọ ọ́ kún un. Ìgbẹ́ tútù kò dára, ó máa ń jó gbòǹgbò, ó sì lè kó àrùn sára ewé. Ní ìlú tí ewúrẹ́ àti àgùntàn ti ń jẹ̀ kiri bí ti Òkè-Ògùn, ibi tí wọ́n bá gbé àpò sí ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n gbìn sínú rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀fọ́ tí wọn kò bá sọ ọgbà yí ká, àwọn ewúrẹ́ ni yóò kórè rẹ̀.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà kí wọ́n pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn, kí ó lè hù dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n á ti máa tu èyí tí ó há jẹ, wọ́n á fi èyí tí ó kù sílẹ̀ kí ó tóbi, wọ́n á sì máa ké orí rẹ̀ kí ó lè pẹ̀ka. Bí wọ́n bá ń fọ́n irúgbìn mìíràn síbòmíràn lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kò ní sí ìgbà tí kò sí tẹ̀tẹ̀. Gbúre, ewúro àti amúnútutù kò nílò irúgbìn, igi wọn tí ó bá bá ẹ̀fọ́ ọjà wá ni wọ́n ń gún mọ́lẹ̀. Irúgbìn ewédú ni ó ní wàhálà, nítorí pé èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ láti dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí wọ́n rì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, kí wọ́n yọ ọ́ kí ó tutù, kí wọ́n sì gbìn ín. Èyí tí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi náà ti jinná.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó fún àpò méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́, kí ọṣẹ má ṣáà sí nínú rẹ̀. Àwọn tí ilẹ̀ wọn bá súnmọ́ odò, ní ẹ̀bá Ògùn, Ọ̀fíkì tàbí àwọn odò kéékèèké tí kì í gbẹ tán, ní àǹfààní àkùrọ̀, ìyẹn ilẹ̀ etí omi tí ọ̀rinrin rẹ̀ kì í tán, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ ní oṣù tí kò sí òjò. Bí ìdílé mélòó kan bá dáwó gba àkùrọ̀ kan, tí wọ́n sì pín ebè rẹ̀ láàárín ara wọn, owó tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lè má tó iye tí yóò fi ra ẹ̀fọ́ ní oṣù kejì. Fún irúgbìn tí ó dára àti ìmọ̀ràn lórí kòkòrò, ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti béèrè ni ọ́fíìsì OYSADEP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí Ṣakí jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́rin rẹ̀, tàbí NIHORT, ilé-ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ewébẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún

Ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ lè ti gba omi ìdọ̀tí, nítorí náà kí wọ́n fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n sì sè é. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Ewé tí wọ́n bá fín oògùn kòkòrò sí lára kò ṣeé ká títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn náà yóò fi pé, ẹni tí ó bá sì ń gbin ti ilé lè lo eérú láti lé kòkòrò dípò oògùn. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáká gbọ́dọ̀ béèrè ìwọ̀n ẹ̀fọ́ tí ó lè jẹ lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé èròjà tí kò ní í ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan lè wu ú léwu; ẹni tí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì náà gbọ́dọ̀ béèrè bẹ́ẹ̀. Ewé inú igbó tí kò sí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n dájú kò yẹ kí ó wọ ìkòkò. Ní ti ewé ẹ̀gẹ́, tí ó pọ̀ ní gbogbo oko Òkè-Ògùn tí àwọn ará Kóńgò sì ń jẹ lójoojúmọ́, májèlé wà nínú rẹ̀ ní tútù, nítorí náà wọn kì í rò ó bí tẹ̀tẹ̀. Ewé tí ó rọ̀ ni wọ́n ń já, wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á sè é nínú omi púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìdé ìkòkò rẹ̀, kí wọ́n tó fi epo àti ata sí i, ilé tí kò bá sì ní àkókò fún gbogbo èyí ní ewé ànàmọ́ tí kò ní wàhálà kankan.